Owó Sinimá: Ohun Tí Ọ̀run Móoru Ti Sọ Fún Wa Tipẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó gbé ìwé eré kan dání nínú ọ̀rá dúdú, ojú-ìwé 112. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ̀wé nípa sinimá, ẹ dákun, ẹ bá mi wá olówó tó ṣé é fọkàn tán."

Mo ní kó jókòó. Mo bi í pé ṣé kò tíì rí ẹnì kankan ni. Ó ní òun ti rí. Ọkùnrin kan ti ní òun yóò gbé ₦40 mílíọ̀nù kalẹ̀. Kò ka ìwé eré náà, kò béèrè iye ọjọ́ tí wọn yóò fi ya á, kò béèrè àwọn tí yóò ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni ìwé ilé ìyá ọmọ náà, kí wọ́n fi ṣe ìdógò. Ìyá náà ń ta ata ní Òṣogbo. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n fọwọ́ síwèé.

Àyà mi já. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kó ṣe é, mi ò sì sọ pé kó má ṣe é. Mo kàn ní, "Àbúrò, ṣé o ti wo Ọ̀run Móoru rí?" Ó ní òun máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mo ní kó lọ wá a wò, kó padà wá bá mi lọ́jọ́ kẹrin. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi rán an níṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1982 ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, Túndé Kèlání ló sì wà nídìí ẹ̀rọ ayàwòrán. Bàbá Sàlá ló ṣe Lámídì, oníṣòwò tí nǹkan ṣẹnuure fún, kó tó bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀ kan tó ní òun lè sọ owó díẹ̀ di ọ̀kẹ́ àìmọye. Owó tí Lámídì fi ọdún gbọọrọ kó jọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e kalẹ̀. Kí ojú rẹ̀ tó là, gbájúẹ̀ ti lọ, owó ti lọ. Ìṣẹ́ dé. Ayé sú u, ó ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àfi bó ṣe bá ara rẹ̀ níbi tí ẹlẹ́ran ara kì í dé, tí wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ọrọ̀ tún padà dé lọ́nà àrà, ojúkòkòrò sì tún bá a débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wo fíìmù yìí fún ẹ̀rín, ẹ̀rín sì pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un ju ẹ̀rín lọ ni irú ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Lórí ìtàgé àti lórí tẹlifíṣọ̀n, ahun ni Bàbá Sàlá máa ń ṣe fún wa, ẹni tí yóò ka kọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yọ ọ́ lápò. Bí ẹ bá ní kí n dárúkọ ẹni tí gbájúẹ̀ kò lè mú, òun ni mi ò bá dárúkọ. Òun gan-an ni wọ́n sì mú. Kì í ṣe pé Lámídì gọ̀. Ó mọ ìṣirò. Ìkánjú ló mú un. Ẹni tó fi ọdún gbọọrọ kówó jọ fẹ́ kó di ìlọ́po láàárín òru kan. Bàbá Sàlá kò jẹ́ ká ka ẹ̀bi náà lé gbájúẹ̀ nìkan lórí. Ó jẹ́ ká rí i pé ẹni méjì ló jọ pa Lámídì, Lámídì fúnra rẹ̀ sì ni ẹnì kejì.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn fún ẹni tó ń wá olówó fíìmù. Kó tó máa yẹ ojú olówó wò, kó kọ́kọ́ yẹ ojú ara rẹ̀ wò nínú dígí, kó wò ó bóyá ìkánjú wà níbẹ̀.

Ibì kan wà tí mo ti bá fíìmù náà jà. Nígbà tí ìyà jẹ Lámídì dé góńgó, ọ̀run ló ràn án lọ́wọ́. Ó rọrùn jù. A jáde nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìrètí pé bó ti wù kí jìbìtì pọ̀ tó, ọ̀nà àrà kan ń bẹ níwájú. Mo mọ̀ pé irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, àwọn òǹwòran ìgbà náà sì ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣe fíìmù náà fi hàn pé ọ̀run kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ owó sinimá.

Ẹ ó rántí pé nígbà náà, orí fíìmù gidi ni wọ́n ń ya eré sí. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń sanwó. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ gbé kiri, owó ọ̀tọ̀ ni. Onítíátà tó bá wọ inú iṣẹ́ yìí, gbogbo ohun tó ti kó jọ nídìí eré orí ìtàgé ló ń wọ́n sí i, gbèsè a sì tún gorí ẹ̀. Bàbá Sàlá wọ́n tirẹ̀ sí i. Kó tó rí owó rẹ̀ padà, kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti gba ìgboro. Ẹni tó yẹ kó sanwó ní gbọ̀ngàn ti wò ó tán ní pálọ̀ ilé aládùúgbò. Gbèsè sì wà nílẹ̀. Gbèsè kò mọ̀ pé olè jà. Ọkùnrin náà tún gbìyànjú, ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé, ó ṣe Mosébọ́látán, ṣùgbọ́n àdánù Ọ̀run Móoru kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Títí ó fi kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, bí wọ́n bá ti dárúkọ fíìmù yẹn, ọ̀rọ̀ olè ló máa ń tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Pálọ̀ aládùúgbò wa ni èmi náà ti wo Ọ̀run Móoru, mo kéré gan-an nígbà náà. A jókòó sílẹ̀ bí ogún ọmọdé, a san kọ́bọ̀ díẹ̀ fún onífídíò, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kásẹ́ẹ̀tì náà kò ní páálí, kò ní àkọlé. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé owó ẹnìkan ni mo ń fi rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo dúró sí ìta ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnìkan lè ní, "Àwọn olè ló ba ti Bàbá Sàlá jẹ́, kí ni tolówó ti jẹ́ níbẹ̀?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ìdáhùn mi rèé: ẹni tó yáni lówó àti ẹni tó bá ni dá òwò pọ̀, ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Bí olè bá jà, ẹni tó bá ọ dá òwò yóò jọ pàdánù pẹ̀lú rẹ ni, torí náà òun náà yóò bá ọ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó yá ọ lówó kò ní kí olè má jà. Bó jà, bí kò jà, ọjọ́ ẹ̀ pé. Nígbà tí gbogbo ewu bá wà lórí ẹnì kan, ẹni náà nìkan ni yóò máa sùn níbi ẹ̀dà fíìmù. Ọjọ́ tó bá sì tòògbé, ó parí nìyẹn.

Ẹ wo Hubert Ògúǹdé. Nígbà tó fi máa gbé Aiyé jáde ní nǹkan bí ọdún 1980, ó ti ń ṣe tíátà láti àwọn ọdún 1940. Àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ ni òṣèré, àwọn náà ni òṣìṣẹ́. Ó tún ṣe Jáiyésinmi lọ́dún 1981, Àrópin N'Tènìyàn sì tẹ̀lé e ní 1982. Bí ẹ bá wo Aiyé dáadáa, ẹ ó rí i pé ojú àwọn tó sanwó wà lára rẹ̀. Orin wà níbẹ̀ torí pé àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ orin. Ìjà àjẹ́ àti olóògùn wà níbẹ̀ torí pé òun ni wọ́n ti ń wò lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Olówó Ògúǹdé ni òǹwòran tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Olówó yìí kò lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀: kò jẹ́ kí o rìn jìnnà sí ohun tó ti mọ̀. Àwọn kan bá Ògúǹdé wí pé àtùpà kan náà ló ń tàn nínú gbogbo fíìmù rẹ̀. Wọn ò purọ́. Ó kàn jẹ́ pé àtùpà náà kò kú ni.

Olówó òkèèrè ńkọ́? Lọ́dún 1970, ilé-iṣẹ́ Calpenny ti Francis Ọládélé ṣe Kongi's Harvest pẹ̀lú àwọn alábàáṣe láti Amẹ́ríkà àti Sweden. Ossie Davis, ará Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká ló ni eré náà, òun náà ló sì ṣe Kongi fúnra rẹ̀. Nígbà tí fíìmù náà jáde tán, Ṣóyínká ní kì í ṣe bí òun ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ó yọ ọwọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: kò sí gbájúẹ̀ níbí o. Kò sẹ́ni tó jí owó ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí olówó bá pọ̀, tí wọ́n wá láti ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìwé àdéhùn kò sì sọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ìkẹyìn nígbà tí wọ́n bá ń gé fíìmù, ẹni tó ni ìtàn lè di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ṣé é fọkàn tán nípa owó lè má ṣé é fọkàn tán nípa ìtàn. Ọ̀tọ̀ ni kí o béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ọdún 1986 tí náírà ń já wálẹ̀, fíìmù gidi kọjá agbára onítíátà. Fídíò ló gbà á. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì ti di olówó sinimá. Kenneth Nnebue, tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, fowó sí fídíò Yorùbá kó tó gbé Living in Bondage jáde lédè Ìgbò lọ́dún 1992. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká jẹ́ abaraméèjẹ: bí kò bá sí àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà, bóyá òṣèré wa mélòó kan ni ì bá rí jẹ láyé ọjọ́un. Wọ́n sanwó, wọ́n sì mọ ọjà. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà, fíìmù ni wọ́n fi ń tà á. Ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi máa ń di Apá Kìíní àti Apá Kejì láìnídìí, tí ẹnìkan yóò fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn láti ẹnu géètì dé ìdí mọ́tò. Wákàtí ni wọ́n ń tà. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bú àwọn olùdarí fún àṣà yìí. Ó yẹ kí n ti máa ka owó tó wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ sì wo ohun ìyanu kan. Ọ̀run Móoru, owó oògùn. Living in Bondage, ọkùnrin tó fi aya rẹ̀ ṣe owó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ohun tí fíìmù ilẹ̀ wa kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀ ju owó òjijì lọ. Àwọn tó ń ṣe fíìmù wọ̀nyí kò yé wá a.

Lónìí, ọ̀nà ti pọ̀ díẹ̀. Kunle Afọláyan, ọmọ Adé Love tó ṣe Ìjà Òmìnira àti Kádàrá, gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix lọ́dún 2022. A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé pa ju ₦1 bílíọ̀nù lọ ní àwọn ilé sinimá wa láàárín oṣù Kejìlá 2023 sí oṣù Kìíní 2024. Inú oṣù Kìíní ọdún 2024 yẹn kan náà ni Amazon kéde pé òun kò ní fowó sí fíìmù tuntun mọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó ti ń ṣírò owó Amazon mọ́ tiwọn padà sílé lọ tún un ṣírò. Olówó ńlá náà lè jẹ́ olóòótọ́, kó sì dìde ní ìdí àwo láìdágbére.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà padà wá, ó ti wo fíìmù náà. Kò rẹ́rìn-ín. Mo mú bébà kan, a jọ ṣírò. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦5,000. Ká ní ilé sinimá mú ìdajì, ó ku ₦2,500. Ká ní ẹni tó ń pín fíìmù kiri mú ₦500, ó ku ₦2,000. Bí fíìmù bá jẹ ₦40 mílíọ̀nù, èèyàn 20,000 gbọ́dọ̀ sanwó kí owó ìdókòwò lásán tó padà, láìtíì ka owó orí àti owó ìpolówó. Mo ní, "Èèyàn 20,000 ni ọkùnrin yẹn fẹ́ kí ilé ìyá rẹ dúró fún. Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o mọ̀ wọ́n?"

A wá ka ìwé àdéhùn náà. Ìwé náà ní olówó yóò mú ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún "owó tó wọlé", kì í ṣe ti èrè. Ọ̀rọ̀ kékeré, ihò ńlá. Ẹni tó bá mú tirẹ̀ nínú èrè yóò dúró kí owó tí wọ́n ná kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá mú nínú owó tó wọlé ti jẹun kí iná tó gbóná lábẹ́ ìkòkò. Lẹ́yìn èyí, yóò tún gba ₦40 mílíọ̀nù rẹ̀ padà láàárín oṣù mẹ́fà. Bí kò bá pé, ilé di tirẹ̀. Ojúlówó ẹ̀dà fíìmù yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé. Mo ní, "Àbúrò, èyí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Òṣogbo ni."

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú ọ̀ràn yìí, èyí ni mo sọ fún un, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Olówó tí kò béèrè ìbéèrè, ẹ sá fún un. Bí kò bá fẹ́ mọ bí owó yóò ṣe padà, nǹkan mìíràn ló ń wá. Ẹ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ẹ sì wá ẹni tó ti bá a ṣòwò rí, pàápàá ẹni tí òwò tí wọ́n jọ ṣe kò bọ́ sí i. Kí owó wọ àkáǹtì tí fíìmù nìkan ni, tí ẹni méjì yóò máa fọwọ́ sí ìwé kó tó jáde. Kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀: ti ìmúrasílẹ̀, ti yíyà, ti gígé. Ẹ má ta ojúlówó ẹ̀dà. Ẹ yá a lò fún iye ọdún tí ẹ kọ sílẹ̀. Kí lọ́yà tirẹ ka ìwé náà, kì í ṣe lọ́yà tolówó. Àwa ará Èkó máa ń yin alájọ Ṣómólú pé orí rẹ̀ pé, kì í kọ nǹkan sílẹ̀, kì í sì í ṣi owó san. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí alájọ Ṣómólú nídìí sinimá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn olówó náà ń sunkún. Mo mọ àwọn oníṣe fíìmù tó gba owó, tí wọ́n fi ra mọ́tò kí wọ́n tó ya àwòrán kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ń sọ pé ọjà kò tà. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje, kì í sì í ṣe ti ara rẹ̀ nìkan. Ó bẹ́ ẹ dínà ti gbogbo ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí olówó gidi bá ń sá fún wa, a mọ ohun tó fà á.

Ọmọkùnrin náà lọ bá ọkùnrin yẹn. Ó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ilé kúrò, kí wọ́n sì ṣí àkáǹtì oníbùúwọ́lù méjì. Ọkùnrin náà ní kò mọyì oore. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ìwé ilé wà nínú àpótí ìyá rẹ̀. Fíìmù kò tíì sí. Ó ti gé ìwé eré náà kù sí ojú-ìwé 80, ó yọ ìran ọkọ̀ ojú omi kúrò, ó fi gbogbo rẹ̀ sí àdúgbò kan ṣoṣo. Nígbà tó kà á fún mi, mo rí i pé ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Ìran ọkọ̀ yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Àwọn méjìlá tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé ti ní àwọn yóò dá owó jọ, kálukú iye tó lè pàdánù kó ṣì sùn. Lọ́yà ń bá wọn kọ ìwé lọ́wọ́. Bóyá owó náà yóò pé, bóyá kò ní í pé.

Èmi ò lè san gbèsè tí mo jẹ Bàbá Sàlá mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ọmọ yìí pé lọ́jọ́ tó bá gbé tirẹ̀ jáde, kó kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ẹ̀yin náà, tí ẹnìkan bá fi fíìmù ẹlẹ́yàá ránṣẹ́ sórí fóònù yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ rántí pé òǹwòran náà wà lára olówó tí wọ́n ń wá.